Ṣé o mọ̀? Ohun tó wà nínú ọta kan ṣoṣo, láti Houston dé Òkòkòmáíkò

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Houston ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: tábìlì onígi kan nínú gáréèjì rẹ̀, ẹ̀rọ kan tó ní ọwọ́ gígùn tí wọ́n dè mọ́ etí tábìlì náà, òṣùwọ̀n kékeré kan, àti abọ́ kan tó kún fún ìkarahun ọta tó ń dán yinrin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi ni mo ń ki ọta ara mi báyìí o." Ìyànà-Ìbà ni mo wà nígbà tí fọ́tò náà wọlé, mo ń dúró de dánfó. Ọ̀gbẹ́ni kan ti ń yọjú wo fóònù mi láti ẹ̀yìn. Kíá ni mo pa iná rẹ̀.

Èsì tí mo fún àbúrò mi kò tán lọ́jọ́ náà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí.

Ṣé o mọ̀ pé nǹkan mẹ́rin péré ló para pọ̀ di ọta ìgbàlódé? Ìkarahun idẹ, práímà tó jókòó sí ìdí rẹ̀ bíi bọ́tìnnì kékeré, ẹ̀tù tó wà nínú ikùn rẹ̀, àti ọta gan-an tí wọ́n kì bọ ẹnu rẹ̀. Bí ìbọn bá ti ró, práímà ti kú, ẹ̀tù ti jó, ọta ti lọ. Ìkarahun nìkan ló kù nílẹ̀. Òun ló sì sábà máa ń wọ́n jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń yìnbọn fún fàájì ní Amẹ́ríkà fi ń bẹ̀rẹ̀ ṣà á bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀ tó já sílẹ̀ lóru.

Ṣé o mọ̀ pé bàbà 70 nínú 100 ló wà nínú idẹ ìkarahun yẹn, tí 30 tó kù jẹ́ síǹkì, irú síǹkì tí wọ́n fi ń bo páànù òrùlé kó má bàa dípẹtà? Gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wa, wàá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti oníṣẹ́ irin lọ. Idẹ, ti Ọ̀ṣun ni. Òjé tí wọ́n fi ń ṣe ọta, ti Ọbàtálá ni, òun làwọn olórìṣà ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Irin tí wọ́n fi rọ ìbọn, ta ni kò mọ̀ pé ti Ògún ni? Ọta kan ṣoṣo, òrìṣà mẹ́ta. Mo sọ èyí fún àbúrò mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ní Texas, òrìṣà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, owó ni.

Ìdí wà tó fi jẹ́ idẹ. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, idẹ máa ń wú, á dí ojú ihò ìbọn pa kí èéfín gbígbóná má bàa fẹ́ padà sójú ẹni tó dì í mú. Lẹ́yìn ìyẹn á tún sún kì díẹ̀, kí wọ́n lè fà á yọ. Àmọ́ kì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ tán. Bíi ṣòkòtò tí ọ̀rẹ́ rẹ tó sanra jù ọ́ yá wọ̀ lọ sí òde ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń fún ìkarahun padà sí ìwọ̀n rẹ̀ fi jẹ́ olórí gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ohùn lásán ló ya ohun tí ọdẹ ń gbé kúrò lára ohun tó ń lé? Ẹ̀tù ló wà nínú àdó rẹ̀. Ẹtu ni ẹran tó ń sá lọ nínú igbó. Ẹtù ni ẹyẹ olóbìlà tótòtó tí ó ń han gooro nínú oko. Ẹtù kan náà tún ni aṣọ òkè aláró dúdú tí bàbá ọdẹ yóò gbé wọ̀ lọ́jọ́ ìnáwó. Yọ àmì ohùn kúrò, kó o wá sọ fún mi ẹni tó fi kí ni yin kí ni.

Ilẹ̀ ọdẹ sì ni gbogbo agbègbè Òkòkòmáíkò wa yìí kó tó di ilẹ̀ onímọ́tò. Ìtàn àwọn Àwórì, àwọn tó ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà, sọ pé láti Ifẹ̀ ni baba ńlá wọn ti tẹ̀lé àwo kan tó ń léfòó lójú omi, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ̀rì. Àwo ti rì: ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Orúkọ baba náà ńkọ́? Ògúnfúnminíre. Ẹni tí Ògún fún ní ire, àbí iṣẹ́ wo lo tún rò pé ó ń ṣe? Tó o bá tún ń gba inú Òkòkòmáíkò kọjá, gbọ́ orúkọ àdúgbò kan dáadáa: Igbó-Elérin. Erin tó kù níbẹ̀ lónìí kò ju tírélà lọ.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọdẹ wa ti ń fọwọ́ ara wọn ki ìbọn ní ìgbà tí kò tíì sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń ta ẹ̀rọ fún un? Ṣakabùlà kì í lo kátíríìjì. Láti ẹnu ni wọ́n ti ń kì í: ẹ̀tù lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí wọ́n fi dí i tẹ̀lé e, ọta tàbí wẹ́wẹ́ irin lẹ́yìn, kí wọ́n tó fi ọ̀pá gígùn gún un wọlé. Yíyìn kan, kíkì kan. Ìyẹn ni pé gbogbo ọdẹ ló jẹ́ ohun tí àbúrò mi ń pe ara rẹ̀ báyìí.

Mo rí ọ̀kan nínú wọn ní ìtòsí, níbi ìsìnkú kan ní Ìbà. Wọ́n fẹ́ yìnbọn ẹ̀yẹ fún olóògbé tó jẹ́ ọdẹ, ẹ̀tù nìkan, kò sí ọta níbẹ̀. Bàbá náà kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ó ṣí ìdérí àdó, ó fi ìka ìfábẹ̀lá gbá ìdí rẹ̀ pẹ́pẹ́, ẹ̀tù dúdú bíi hóró ata gbígbẹ bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wò ó. Ó da díẹ̀ padà. Ó tún wò ó. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń mu sìgá fẹ́ sún mọ́ ọn kó lè ya fọ́tò, bàbá náà kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi jágbe pé, "Pa á! Àbí o fẹ́ bá olóògbé lọ ni?" Sìgá já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí àbúrò mi fi dọ́là rà nínú ìwé, bàbá náà ti fi ìṣẹ́jú kan ṣe é tán: wọn ẹ̀tù, wò ó lẹ́ẹ̀mejì, lé iná jìnnà.

Ogun méjì nínú ìtàn wa ló gba orúkọ láti ẹnu ìbọn, ṣé o mọ̀? Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ìró àgbá ńlá ni àwọn ará Èkó fi sọ ogun náà ní Agídíngbí. Akitóyè tí wọ́n ń jà fún ti lọ sá pamọ́ sí Àgbádárìgì, lójú ọ̀nà ńlá tó gba iwájú ilé wa kọjá yìí. Èkejì ni Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìró ìbọn àwọn Èkìtìparapọ̀ tó ń dún lórí òkè, kí-rì-jì, kí-rì-jì, lòun náà ti gba orúkọ rẹ̀.

Kí ló mú kí ìbọn wọn dún yàtọ̀? Snider ni. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé ní Èkó ló ń bá wọn wá a, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Ìdí ni wọ́n ti ń ki Snider, kì í ṣe ẹnu. Ọta rẹ̀ sì ní ìkarahun àti práímà tirẹ̀. Kí oní-ṣakabùlà tó fi ọ̀pá gún ẹ̀tù tán, oní-Snider ti yìn ín lẹ́ẹ̀mélòó kan.

Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Boxer, ló ṣe ọta Snider yẹn ní nǹkan bí ọdún 1866. Láàárín àkókò kan náà, Hiram Berdan, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe irú tirẹ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín rèé: práímà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ni Amẹ́ríkà gbà, práímà tí ọmọ Amẹ́ríkà ṣe ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gbà. Ti Boxer ní ihò kan ṣoṣo láàárín ìdí ìkarahun, tí abẹ́rẹ́ lè gbà kọjá láti ti práímà tó ti kú jáde. Ti Berdan ní ihò kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, abẹ́rẹ́ kò rí ọ̀nà gbà. Torí ihò kan yẹn ni títún ọta kì fi rọrùn ní Texas. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wò kì í ṣe ẹ̀rọ rárá. Kó tan iná sínú ìkarahun òfìfo, kó ka ihò tó wà ní ìsàlẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ ronú kan práímà? Àlùfáà ni. Alexander Forsyth, pásítọ̀ ìjọ kan ní Scotland, fẹ́ràn láti máa yin ẹyẹ. Kí iná òkúta tó dé inú ẹ̀tù, ẹyẹ á ti rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, á ti fò lọ. Inú bí i. Ó wá ẹ̀rọ kan tí á máa lu èròjà tó ń gbiná lójijì, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní ọdún 1807. Ìwàásù rẹ̀ ọjọ́ Sunday kò sí ẹni tó rántí mọ́.

Ṣé o mọ ìdí tí ṣakabùlà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa? Àìlówó wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn kan náà wà níbẹ̀. Ní 1890, àwọn alágbára ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pàdé ní Brussels. Ojú wọn wà lára òwò ẹrú, ṣùgbọ́n wọ́n tún fa ìlà méjì sára àwòrán Áfíríkà, ọ̀kan ní ìwọ̀n 20 lókè, èkejì ní ìwọ̀n 22 nísàlẹ̀. Láàárín ìlà méjèèjì, wọ́n ní kí ìbọn ìgbàlódé má wọlé fún ọmọ ilẹ̀. Ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù lásán nìkan ni wọ́n lè yọ̀ǹda. Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò wà ní àárín gbùngbùn ibẹ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim lọ bá Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ìlà náà kò dí tiwọn lọ́wọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí tábìlì Houston. Kí ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ń rà?

Ìwé ni, kì í ṣe irin. Ìwé tí àwọn tó ṣe ẹ̀tù náà fúnra wọn tẹ̀, tí wọ́n ti dán gbogbo ìwọ̀n wò nínú yàrá àyẹ̀wò. Àbúrò mi sọ pé méjì ló wà lọ́wọ́ òun, kí ọ̀kan lè jẹ́ ẹlẹ́rìí èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tó ń tẹ ìkarahun, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo ní ìfàsílẹ̀ kan. Àwọn míì wà tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọta ọgọ́rùn-ún mélòó kan ń jáde ní wákàtí kan. Wọ́n wu ojú. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì mọ ìró àṣìṣe kò ní gbọ́ ọ láàárín ariwo. Ẹ̀rọ jẹ́jẹ́ tó ń mú bí àádọ́ta jáde ní wákàtí kan ló ń kọ́ni níṣẹ́. Àwọn irin oníhò tó bá irú ìbọn náà mu tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìyẹn kálípà láti wọn gígùn, awò tó bo ojú, àti òṣùwọ̀n.

Òṣùwọ̀n! Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé hóró ọkà bálì ni wọ́n ṣì fi ń wọn ẹ̀tù títí dòní? "Grain" ni àwọn aláwọ̀ funfun ń pe ìwọ̀n náà, hóró ni ìtumọ̀ rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi irúgbìn wọn wúrà àti oògùn. 7,000 hóró ló wà nínú páùn kan. Gíráàmù kan sì jẹ́ hóró 15 àti díẹ̀. Ẹni tó bá gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ sórí gíráàmù nígbà tí ìwé ń sọ hóró, ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń bù. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ wúrà ní ìsọ̀, yóò yé yín: àṣìṣe lórí òṣùwọ̀n wúrà, owó ló ń gbé lọ. Èyí ń gbé ojú lọ.

Ìdí tó fi ń gbé ojú lọ nìyí. Afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju páùn 30 sí 35 lórí ínṣì kan níbùú lóròó. Nínú ìbọn ọdẹ irú .308, ìwọ̀n tí wọ́n ní kó má kọjá jẹ́ 62,000. O ti rí táyà tó bẹ́ ní ibùdókọ̀ Volkswagen rí, o mọ bí gbogbo èrò ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Wá fi ìyẹn sí ẹgbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ.

Ẹ̀tù méjì lè jọra bí iyọ̀ àti ṣúgà nínú agolo Bournvita méjì tí kò ní àkọlé. Ọ̀kan ń jó wàrà fún ìbọn ìléwọ́, ìkejì ń jó díẹ̀díẹ̀ fún ìbọn gígùn. Torí náà òfin kan wà tí àbúrò mi kọ sára ògiri: ẹ̀tù kan ṣoṣo lórí tábìlì, kì í ṣe méjì. Agolo tí wọ́n sì gbé e wá láti ṣọ́ọ̀bù ló ń wà títí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe agolo náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó lè ya kíá bí iná bá mú un, kí ẹ̀tù lè jó kó má bàa bú gbàù. Ẹni tó bá dà á sínú irin tó nípọn tó sì dé e pa, bọ́ǹbù ló ṣe yẹn, kì í ṣe ìpamọ́.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú ẹ̀rọ yìí ń pa mí lẹ́rìn-ín. RCBS, fún àpẹẹrẹ: Fred Huntington ló dá a sílẹ̀ ní California ní 1943, ẹranko orí òkè kan tó jọ òkété, tí wọ́n ń pè ní "rock chuck", ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó ń wá ọta kékeré tó péye tí yóò fi pa ẹranko náà, ló bá dá ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe, orúkọ ẹran wá di orúkọ ilé-iṣẹ́. Ọ̀kan lára àwọn àgbà níbi iṣẹ́ náà ni Lyman, láti 1878, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Kírìjì bẹ̀rẹ̀. Ó wù mí láti mọ bí ọdẹ Ìbà kan ì bá ti pe ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Òkété Nìkan Ló Mọ̀ Lítẹ́ẹ̀dì.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ki ọta fún ara rẹ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ máa ta á ni ìwé àṣẹ di dandan.

Ní Òkòkòmáíkò ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé tábìlì yẹn gan-an, bí wọ́n bá gbé e wá sí yàrá kan ní àdúgbò PPL, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ló lè fà, ó kéré tán? Òfin Ohun Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959 ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ka ṣíṣe ọta mọ́ ṣíṣe ìbọn. Ó ní ibi ìkóhun-ìjà ìjọba àti ti àwọn ọmọ ogun nìkan ni wọ́n ti lè ṣe é. Òfin kò béèrè bóyá o ṣe é fún fàájì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọlé láìgbàṣẹ: mo ti kìlọ̀ fún àbúrò mi pé bó bá ń di dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sílé ní Kérésì, bàtà àti ọṣẹ ni kó dì, kó má ṣe fi ìkarahun kan ṣoṣo dí àlàfo.

Òfin yẹn pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àti gbogbo ìbọn tí wọ́n ń kì láti ẹnu wà nísàlẹ̀, ìwé àṣẹ wọn ló rọrùn jù. Ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì wà láàárín, ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ìwé rẹ̀ ti ń wá. Ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn ṣójà wà lókè pátápátá, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Èyí tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé ìbọn afẹ́fẹ́, èyí tí àwọn bọ̀dá kan fi ń yin àdàbà lórí igi máńgòrò, àárín ló wà, ní ìjókòó kan náà pẹ̀lú ìbọn ọdẹ. Ó gba ìwé.

Ṣé o mọ àwọn tí òfin náà ní kí wọ́n má fún níwèé? Ẹni tí kò tíì pé ọdún 17. Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ẹni tó ti jẹ̀bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún. Ọ̀mùtí. Àti ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Fojú inú wo ọdẹ tó ti fi ojú àìríran yin ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀: ó jọ pé ẹni tó kọ òfin náà bá irú rẹ̀ pàdé rí.

Ẹni tó bá ń bi mí pé ta wá ló ń ṣe ọta ní Nàìjíríà, Kàdúná ni mo ń júwe fún un. DICON, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba àpapọ̀, ti wà níbẹ̀ láti 1964, ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Jámánì kan ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2023 ni wọ́n buwọ́ lu òfin tuntun fún un.

A kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀tù ní Èkó ká má rántí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002. Ọjọ́ Sunday ni, ní ìrọ̀lẹ́. Iná mú ibi tí wọ́n kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà. Ìró rẹ̀ ń tẹ̀lé ara wọn, gíláàsì ń já, òkùnkùn ń ṣú, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ogun ló dé. Èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹ̀tù ló pa wọ́n. Omi ni. Wọ́n sá láti Ìkẹjà dé odò Òkè-Afá nínú òkùnkùn, wọ́n rò pé koríko tó bo ojú omi jẹ́ ilẹ̀. Àwa tí bárékè Ọ̀jọ́ jẹ́ aládùúgbò wa, tí dánfó wa ń gba ẹnu géètì rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, a kì í fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ṣe àwàdà. Nígbà tí àbúrò mi sọ pé páùn ẹ̀tù mẹ́rin péré ló wà nílé òun, mo dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀.

Òjé náà ní ewu tirẹ̀. Àwọn kan wà lára àwọn tó ń ki ọta tí wọ́n ń yọ́ òjé fúnra wọn láti fi ṣe ọta. Ṣé o mọ̀ pé òjé kì í ní òórùn, kì í ta ni lọ́nà ọ̀fun, síbẹ̀ ó ń wọ ọpọlọ ọmọdé ní wọ́ọ́rọ́wọ́? Ní 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku òjé tó ń jáde lára òkúta wúrà tí àwọn òbí ń lọ̀ nínú agbolé pa ọmọdé tó tó irinwó. Níbí náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alábà, gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí wọ́n ń fọ́ sórí àkìtàn ní òjé nínú. Mo bi àbúrò mi pé ibo ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń ṣeré sí. Ó ní gáréèjì. Mo ní kó lọ fọ ọwọ́, kó fọ ilẹ̀, kó sì ra kọ́kọ́rọ́ tuntun kí ó tó ra ohunkóhun mìíràn.

Ṣé o mọ ohun tí nọ́ńbà 12 túmọ̀ sí lára ìbọn ọdẹ? Mú páùn òjé kan, pín in dọ́gba sí ọta róbótó 12. Ìwọ̀n ọ̀kan nínú wọn ni ìwọ̀n ojú ìbọn náà. Ti 16, pín in sí 16. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi ń ga tí ihò ń kéré, tí ẹni tí kò mọ̀ fi ń ṣìnà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á.

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Àbúrò mi ní òun ti kọ ìyẹn náà sára ògiri gáréèjì, lábẹ́ òfin ẹ̀tù kan ṣoṣo, ní Yorùbá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Texas béèrè ohun tó túmọ̀ sí, ó ní àdúrà ni.

Èmi náà ní ìkarahun kan. Kátíríìjì ọdẹ ni, nọ́ńbà 12, pupa rẹ̀ ti ṣá, mo ṣà á lójú ọ̀nà oko nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Láàárín ìdí idẹ rẹ̀, àpá wà níbi tí abẹ́rẹ́ ìbọn ti lù ú. Kò bọ́ sí àárín gan-an, ó yẹ̀ sí apá òsì. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń lù ú, bí ìtẹ̀ka ọwọ́, òun sì ni àwọn ọlọ́pàá aláyẹ̀wò fi ń mọ ìbọn tó yin ọta kan. Ìbọn tó yin tèmi ti lè dípẹtà tán níbi tó wà. Ọmọ mi kékeré mú un lórí tábìlì lánàá, ó gbé ẹnu rẹ̀ sí ètè, ó fẹ́ ẹ, ó han fíì títí dé ìta, ajá aládùúgbò sì dáhùn.